Olùwà àti Àbọ̀ Nínú Òfin Kejì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi gbólóhùn: ta ni olùwà, ta ni àbọ̀? Ẹ jẹ́ ká bi Òfin Kejì tí ìjọba ológun Buhari gbé jáde lọ́dún 1984.

Òfin náà ní bó bá ti dá igbákejì olórí ìjọba lójú pé ẹnìkan ń ṣe ohun tó lè ṣàkóbá fún ààbò ìlú, kó kàn kọ̀wé, kí wọ́n ti onítọ̀hún mọ́lé fún oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n lè fi kún un. Kóòtù ò sì gbọdọ̀ dá sí i.

Ẹ wò ó dáadáa. "Ó dá a lójú" ni gbogbo ẹ̀rí tó wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn ló dájọ́, òun náà ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹni tí wọ́n mú ò ṣe olùwà níbì kankan; àbọ̀ lásán ni: wọ́n mú un, wọ́n tì í, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èyí tiẹ̀ burú jù ú lọ, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ kankan rárá.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní torí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láìsí ìgbẹ́jọ́, báwo la ṣe fẹ́ mọ ọ̀bàyéjẹ́ yàtọ̀? Abẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti ti agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi mọ́lé léraléra. Babangida dé, oṣù mẹ́ta di mẹ́fà. Lọ́dún 1994, Abacha ní kóòtù ò gbọdọ̀ pàṣẹ kí wọ́n mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá síwájú adájọ́ mọ́. Ní Gánà, òfin 1958 ló jọ ọ́, J. B. Danquah, tó wà lára àwọn tó jà fún òmìnira, kú sí ẹ̀wọ̀n Nsawam lọ́dún 1965 láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́jọ́ rẹ̀.

Wọ́n fagi lé Òfin Kejì lọ́dún 1999. Abala 35 ìwé òfin wa wá ní bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní, àyàfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti ikú. Láti Fìdítì tàbí Ìlọrà dé kóòtù gíga Ọ̀yọ́ ò tó ìyẹn, àbí ó tó? Síbẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, ṣì gba adájọ́ májísíréètì láyè láti fi èèyàn sí àhámọ́ fún ọjọ́ 14, kó sì tún sọ ọ́ dọ̀tun. Òfin Kejì kú, ìwà rẹ̀ ò kú.

Abala 35 yẹn kan náà ní ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta ọsàn ní Fìdítì, ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́kadà Ìlọrà. Bí wọ́n bá mú ẹni yín, ẹ kọ aago tó wọ tọlọ́pàá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí.