Ta Ni Ó Pinnu? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìbéèrè nípa Ohùn Abilékọ nínú Ìnáwó Òde àti Ìrìn-àjò ní Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn

Ìwádìí Ìkànìyàn àti Ìlera (NDHS) tí Àjọ Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 àti 2018 wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ń gbé àlàyé wọn lé nípa agbára abilékọ nínú ilé. Ìpinnu mẹ́ta ni ó bèèrè: ìtọ́jú ìlera obìnrin fúnra rẹ̀, ríra nǹkan ńlá sínú ilé, àti lílọ kí ẹbí. Ṣé ìyàwó ni ó ń pinnu ni, àbí ọkọ, àbí àwọn méjèèjì? Òde àti fàájì kò sí níbẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lo ìbéèrè yìí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní àdúgbò bí Àrẹ̀mọ ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò finnífinní.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "ìpinnu", ni ó ní wàhálà nínú. Ká ní abilékọ kan ní Àrẹ̀mọ ń tajà ní Ọjà'ba, ó sì ń dá àjọ. Nígbà tí ó kó àjọ, ó yọ owó aṣọ ẹbí níbẹ̀ fún ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Mápó. Kọ́bọ̀ ọkọ kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kí ọjọ́ tó pé, yóò kúnlẹ̀: "Bàbá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ àyè." Òun ni ó lówó, òun ni ó yan òde, ọkọ ni ó ni àyè. Bí ó bá dáhùn pé "àwa méjèèjì ni", inú àpótí kan náà ni yóò ti bá ìyàwó tí ọkọ fún lówó ṣùgbọ́n tí kò lè yan ohunkóhun. Òótọ́ ni pé ìwádìí náà tún bèèrè ẹni tí ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó tí obìnrin pa. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyè ṣì sọnù níbẹ̀.

Sudarkasa (1973), nínú ìwé rẹ̀ Where Women Work, ti fi Àwẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ ṣàlàyé pé àpò ọkọ àti àpò aya máa ń yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí òmìnira pátápátá, àsọdùn ni. Owó tí ó kù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ni owó òde. Bí owó oúnjẹ tí ọkọ ń fún un bá ti dín kù, èrè ọjà obìnrin ni yóò dí i. Ọkọ tí ó sì ń pe aṣọ ẹbí ní ìnákúnàá gbàgbé pé gbèsè ni: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ra aṣọ fún òde rẹ̀ lónìí ni yóò ra tirẹ̀ lọ́la.

Mẹ́kà ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Obìnrin oníṣòwò lè fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó Hájì, kí gbogbo agboolé sì máa pè é ní Alhaja nígbà tí ó bá dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kí ọkọ tàbí ìbátan ọkùnrin bá a lọ. Ìbéèrè tí yóò wúlò ní Àrẹ̀mọ yóò pín sí mẹ́rin nígbà náà: owó ta ni? Ta ni ó yan ibi tí ó ń lọ? Ọ̀dọ̀ ta ni àyè ti wá? Ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ, tí yóò sì jókòó ti ọjà, títí tí yóò fi dé? Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí lè dá obìnrin dúró nígbà tí ọkọ ti ní kí ó máa lọ, kò sì sí àpótí tí yóò gba ìdáhùn rẹ̀ lára ìpinnu mẹ́ta ti 2018.