Ẹ̀yìn Káàdì Ni Ẹjọ́ Wà

Ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Topps ní Amẹ́ríkà tẹ káàdì Reggie Jackson, ògbóǹtarìgì eléré bésíbọ́ọ̀lù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Orioles lọ sí Yankees ni, wọ́n bá fi ọ̀dà kun aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Àwọn kan ń fi ọ̀dà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tèmi, ẹ̀yìn káàdì ìgbà náà ló tan ènìyàn jẹ jù.

Ẹ wo Gene Tenace, tí òun àti Jackson jọ wà ní Oakland. Òun ni í lóṣòó láti hán bọ́ọ̀lù. Ní 1974, ìgbà 110 ló fi sùúrù wo bọ́ọ̀lù tí kò dára kọjá, tó sì gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ lọ sí bèsì kìíní. Kò sẹ́ni tó tó o nínú líìgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì kò ní àyè fún sùúrù: .211, ìpíndọ́gba bọ́ọ̀lù tó fi igi gbá, ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò pè é ní ọ̀lẹ.

Ojú rí ọ̀dà, ó sì lè fura. Ta ni yóò fura sí ohun tí wọn kò kọ rárá? Kí á tó gba èsì ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn.