Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-àjò Àwọn Ọmọ Iléèwé láti Dallas sí Pápá Ogun Vicksburg

Òwe méjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn àgbà kan náà ló tún sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, òwe méjèèjì ń bá ara wọn jà. Èkíní ní ká lọ síbẹ̀, ká lọ fi ojú ara wa rí i. Èkejì ní èèyàn lè débẹ̀, kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, kó má sì rí nǹkan kan. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi òwe méjèèjì wo ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jà láti ọdún 1861 sí 1865. Ọ̀nà náà ni pé ká kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, ká gbé wọn lọ sí pápá ogun.

Kí ló dé tí mo fi sọ pé láti Dallas? Nítorí pé kò sí pápá ogun kankan ní Dallas. Nígbà ogun náà, ibi tí wọ́n ti ń kó oúnjẹ àti ohun èlò jọ fún àwọn ọmọ ogun Confederate, ìyẹn ìhà Gúúsù, ni ìlú yìí jẹ́. Nítorí náà, ọmọ Dallas tó bá fẹ́ rí ojú ogun gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò. Tí ẹ bá gba ọ̀nà I-20 lọ sí ìlà oòrùn, tí ẹ la Louisiana kọjá, tí ẹ sì sọdá odò Mississippi, Vicksburg lẹ máa bá. Ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀.

Ohun tí pápá ogun ń ṣe dáadáa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, kí wọ́n má baà sọ pé àríwísí nìkan la mọ̀. Orí òkè ni Vicksburg wà, odò ńlá sì ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbá lórí òkè yẹn ló ni odò. Ọmọ tó bá dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún máa rí ìdí tí ìkọlù Ọ̀gágun Grant ní ọjọ́ 19 àti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1863 fi já sí pàbó. Ó máa rí ìdí tí Grant fi yí ìlú ká, tó dó tì í fún ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí àwọn ará ìlú fi gbẹ́ ihò sínú òkè tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, títí ìlú fi túúbá ní ọjọ́ 4 oṣù Keje. Olùkọ́ lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé èyí ní kíláàsì, kó má yé ọmọ tó bí ó ṣe máa yé e lórí ilẹ̀ yẹn.

Ọkọ̀ ogun kan tún wà níbẹ̀, Cairo lorúkọ rẹ̀, tó rì sínú odò ní ọdún 1862, tí wọ́n sì fà jáde ní ọdún 1964. Irú nǹkan báyìí, ọmọdé ò ní gbàgbé rẹ̀. Lórí èyí, òwe àkọ́kọ́ jàre: ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ilẹ̀ lè sọ fún wa bí wọ́n ṣe jà. Kò lè sọ fún wa ìdí tí wọ́n fi jà. Òkè kì í sọ̀rọ̀ oko ẹrú. Àgbá kì í sọ ẹni tó ń gbin òwú, kì í sì í sọ ẹni tó ń jẹ èrè òwú náà. Òpó ìrántí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà ní Vicksburg, orúkọ ìpínlẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti orúkọ ọ̀gágun ló sì kún ara wọn. Ọmọ lè ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrú ló dá ogun náà sílẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ìnáwó ọdún 2000, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà rọ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn pápá ogun yìí pé kí wọ́n máa ṣàlàyé ipa tí oko ẹrú kó nínú ogun náà fún àwọn àlejò. Ẹ ronú sí i: ogun parí ní ọdún 1865, ó sì di ìgbà tí ọ̀rúndún fẹ́ yí kí òfin tó ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òpó ìrántí ti Texas wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí òun ni olùkọ́ láti Dallas máa kọ́kọ́ wá lọ. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ á gun àtẹ̀gùn yẹn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún wo ni wọ́n ṣí òpó náà? Oṣù Kọkànlá ọdún 1961 ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961 yẹn kan náà, ọmọ adúláwọ̀ méjìdínlógún péré ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí àwọn iléèwé tó jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan ní Dallas. Ṣé ẹ rí i báyìí? Òpó yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 1863, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún 1961. Ọmọ tí a ò bá sọ ọdún yẹn fún ti gun àtẹ̀gùn lásán ni. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Òpó ìrántí fún àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ náà wà ní Vicksburg. Ọdún 2004 ni wọ́n tó ṣí i.

Pápá ogun tí bọ́ọ̀sì ò lè dé

Ọ̀rọ̀ tó wá dùn mí jù nìyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1863, nígbà tí Grant ṣì dó ti Vicksburg, ìjà kan ṣẹlẹ̀ ní Milliken's Bend, ní etí odò níhà Louisiana, kò sì jìnnà sí Vicksburg. Àwọn ọmọ ogun láti Texas ló wá kọlu àgọ́ náà. Adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kọlù. Àwọn tó jẹ́ ẹrú nínú oko òwú láìpẹ́ ni wọ́n, wọn ò sì tíì kọ́ iṣẹ́ ìbọn pẹ́. Ìjà náà le débi pé wọ́n fi ìdí ìbọn àti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn bára wọn jà lójúkojú. Wọ́n dúró, wọn ò sá. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi dá sí i, àwọn ará Texas padà sẹ́yìn.

Nínú gbogbo ìjà ogun náà, èyí ló yẹ kí ọmọ Dallas kọ́kọ́ mọ̀, pàápàá ọmọ adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n odò Mississippi ti yí ipa ọ̀nà rẹ̀ padà, omi sì ti gbé apá tó pọ̀ lára pápá ogun náà lọ. Tí a bá gbà pé ibi tí a bá lè dúró sí nìkan la lè kọ́, a jẹ́ pé a ti fi ìtàn sílẹ̀ fún odò kó máa yàn fún wa nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí olùkọ́ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi àgbá. Kó bẹ̀rẹ̀ láti itẹ́ òkú ìjọba tó wà nínú ọgbà Vicksburg. Nǹkan bí 17,000 ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ló sùn síbẹ̀, nǹkan bí 7,000 nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni wọn ò mọ orúkọ wọn, nọ́ńbà lásán ló wà lórí òkúta. Ọmọ tí orúkọ ṣe pàtàkì sí nílé, tí wọ́n ń kì ní oríkì, máa bèèrè pé: “Kí ló dé tí ẹni yìí ò fi lórúkọ?” Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ gan-an.

Àwọn kan á sọ pé ọmọ kíláàsì karùn-ún kéré jù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ oko ẹrú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Tí ọmọ bá ti dàgbà tó láti fi ọwọ́ kan àgbá tó pa èèyàn, ó ti dàgbà tó láti mọ ohun tí wọ́n ṣe torí ẹ̀ pa wọ́n.

Ẹ padà sílé

Ṣé dandan ni ká lọ jìnnà? Ní Dallas fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1860, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìtajà ìlú. Wọ́n di í ru àwọn ẹrú, wọ́n sì so mẹ́ta nínú wọn kọ́ ní etí odò Trinity ní ọjọ́ 24 oṣù náà: Patrick Jennings, Sam Smith àti Cato. Ọgbà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Martyrs Park wà nítòsí ibẹ̀ lónìí. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìdí ogun ti hàn kedere. Ibi ìrántí Freedman's Cemetery náà tún wà, níbi tí wọ́n ti hú ibojì tó lé ní 1,100 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ lójú.

Òótọ́ ni pé nǹkan ti ń yí padà. Ìlú Dallas gbé ère Robert E. Lee kúrò ní ọdún 2017, wọ́n sì tú òpó ìrántí Confederate ká ní ọdún 2020. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Texas fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ pé bí oko ẹrú ṣe ń gbilẹ̀ ló wà ní àárín gbùngbùn ohun tó fa ogun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo náà nílò àlàyé. Ọmọ tó bá dé ibi tí ère wà tẹ́lẹ̀ yẹ kó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi gbé e kúrò.

Àwa náà ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá láàárín wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. A ní ogun abẹ́lé tiwa. Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1886, àmọ́ àwọn ọmọ ogun ò túká tán títí di ọdún 1893. Tí wọ́n bá mú ọmọ iléèwé lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé tàbí Igbájọ, kí ni wọ́n máa sọ fún un? Wọ́n á sọ ti Ògèdèǹgbé, wọ́n á sọ ti Ààrẹ Látòósà, wọ́n á sọ bí ìró ìbọn ṣe ń dún kírìjì-kírìjì. Wọ́n lè sọ ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn pẹ̀lú, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ̀rọ̀ àwọn ẹrú tó ń roko fún àwọn balógun kí ogun lè rí oúnjẹ jẹ? Ta ló máa sọ pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ogun wa lówó nínú ọjà? Ó rọrùn fún wa láti dúró ní Vicksburg ká máa bínú. Ká tó lè dúró ní Ìmẹ̀sí-Ilé ká bi ara wa ní ìbéèrè kan náà, ó gba ọkàn akin.

Ní ìparí, mi ò sọ pé kí ẹ má lọ sí pápá ogun o. Ẹ lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹ fún wọn ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló gbé òkúta yìí síbí, ní ọdún wo? Ta ló jà níbí tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀? Kí ni wọ́n ń jà fún gan-an? Ọmọ tó bá mú ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ á fi ojú rẹ̀ ríran níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni.