Awo, Ẹlẹ́rìí àti Àlejò: Àyẹ̀wò Ìwé Edward Snowden

Àwọn àgbà a máa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìkìlọ̀ yìí yẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ka ìwé tí ènìyàn kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, pàápàá bí òǹkọ̀wé náà bá jẹ́ ẹni tí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń wá láti fi jẹ́jọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Permanent Record, tí a lè pè ní Àkọsílẹ̀ tí Kì í Parẹ́, èyí tí Edward Snowden gbé jáde ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ pé kò fi ìwé náà han àwọn àjọ tí ó bá ṣiṣẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí ó fọwọ́ sí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ dá ìjọba láre, ó sì pinnu pé ìjọba ni ó ni èrè ìwé náà, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Ariwo tí ó wà lórí ọkùnrin yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ń kà á bí ẹ̀rí akọni, àwọn tí ó kórìíra rẹ̀ kò sì kà á rárá. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń lépa ni láti wo ohun tí ìwé náà fi kún àríyànjiyàn tí ó bí i, àti ohun tí òun àti àríyànjiyàn náà jọ gbójú fò.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àjọ NSA, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1952, ni a fi iṣẹ́ gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2013, ìwé ìròyìn The Guardian tẹ ìwé àṣẹ kan jáde, nínú èyí tí kóòtù ìkọ̀kọ̀ kan ti pàṣẹ fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù Verizon pé kí ó máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún àjọ náà lójoojúmọ́: nọ́ńbà ẹni tí ó pè, nọ́ńbà ẹni tí a pè, àkókò ìpè, àti bí ọ̀rọ̀ wọn ti pẹ́ tó. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kò sí níbẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ gbogbo ẹni tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru ti mọ púpọ̀ nínú àṣírí onítọ̀hún. Ní ọjọ́ kejì ni ìròyìn ètò PRISM jáde, èyí tí àjọ náà fi ń gba lẹ́tà àti àwòrán àwọn ènìyàn lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ bíi Google, Microsoft àti Facebook. Nígbà tí ó di ọjọ́ 9 oṣù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 29 kan fi ojú ara rẹ̀ hàn láti inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní Hong Kong, ó ní òun ni òun kó àwọn ìwé náà fún àwọn oníròyìn.

Láti ìgbà náà ni ẹnu kò ti kò lórí orúkọ tí ó yẹ kí á pè é. Èdè Yorùbá ní orúkọ púpọ̀ fún ẹni tí ó tú àṣírí, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ru ìdájọ́ tirẹ̀. Olófòófó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri nítorí pé inú rẹ̀ kò lè gbà á. Amí ń gbé e lọ fún ọ̀tá. Ọ̀dàlẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ kí ó tó dà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yóò pa aláìṣẹ̀ lára. Gbogbo orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ti fi pe Snowden ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin tí ń mójútó iṣẹ́ amí sọ ní 2016 pé kì í ṣe ẹlẹ́rìí rere rárá, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kó kò kan ẹ̀tọ́ ará ìlú bí kò ṣe àṣírí àwọn ológun. Ìwé ìròyìn The New York Times ti bẹ̀bẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014 pé kí ìjọba fi ojú àánú wò ó. The Washington Post, tí òun àti The Guardian jọ gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2014 nítorí àwọn ìwé tí Snowden kó fún wọn, kọ ọ̀rọ̀ olóòtú ní 2016 pé kò yẹ kí á dárí jì í. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó jẹ ẹran tún dá ọdẹ lẹ́bi ní gbangba báyìí.

Bí a bá fi ti ọkùnrin náà sílẹ̀, tí a wo ohun tí ó tú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2013, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden bi James Clapper, olórí gbogbo iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ní gbangba bóyá àjọ NSA ń kó àkọsílẹ̀ kankan jọ nípa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó dáhùn pé rárá, àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayé rí i pé ìdáhùn náà kì í ṣe òtítọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2014, ìgbìmọ̀ kan tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú sọ pé àwọn kò rí ìgbà kan ṣoṣo tí àkójọ ìpè náà yí àbájáde ìwádìí kan padà nínú ìjà pẹ̀lú àwọn apániláyà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan sọ ní 2015 pé òfin kò fàyè gba àkójọ náà. Òmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ilé Aṣòfin pàápàá fi òfin fòpin sí i ní oṣù Kẹfà 2015. Nítorí náà ẹni tí ó ní kò sí ohun tí ó burú nínú ohun tí a tú gbọ́dọ̀ bá àwọn kóòtù Amẹ́ríkà jà, kì í ṣe Snowden.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí inú ìwé náà. Apá mẹ́ta ni ó ní. Joshua Cohen, ẹni tí ń kọ ìtàn àròsọ, ni ó ràn án lọ́wọ́ láti kọ ọ́, ọwọ́ akọ̀tàn sì hàn nínú rẹ̀. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe ní North Carolina, nínú ìdílé tí bàbá ti jẹ́ ọmọ ogun tí ń ṣọ́ etí òkun. Ọmọ náà yí gbogbo aago ilé padà sẹ́yìn nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kí àkókò oorun má baà tètè tó. Ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gbé ìwà ẹni náà kalẹ̀ ju ojú ewé mẹ́wàá ọ̀rọ̀ ìyìn lọ: ẹni tí kì í bá àṣẹ jà lójú, ṣùgbọ́n tí yóò lọ wo inú ẹ̀rọ tí àṣẹ náà gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí ni a rí ọ̀dọ́ tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 2004 tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá mọ́ ọn lára, òṣìṣẹ́ CIA ní Geneva, òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ NSA ní Japan, àti níkẹyìn ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Hawaii, lábẹ́ oko ọ̀pẹ̀yìnbó.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù ni ibi tí ó ti fi iṣẹ́ hàn. Òǹkàwé rí i pé ìwà ibi kì í fi ìgbà gbogbo wọ aṣọ ibi. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń kanrí mọ́ agogo ìparí iṣẹ́. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, kò sì sí ẹni tí ó rí gbogbo ara erin náà, nítorí pé apá kan ṣoṣo ni a fi han ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ti wá di ẹni tí ó rí gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó ga jù nínú apá kejì.

Ojú ewé kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kà. Snowden ń dán ẹ̀rọ ìṣọ́ni kan wò, ó sì bọ́ sí inú àkọsílẹ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ará Indonesia, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju pé ó ń wá iṣẹ́ ìwádìí sí yunifásítì kan ní Iran. Nínú àkọsílẹ̀ náà ni àwòrán kan wà tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ọkùnrin náà yà: ó jókòó, ó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré lé ẹsẹ̀, ó ń gbìyànjú láti kàwé, ọmọ náà kò sì jẹ́ kí ó rójú. Lójijì ọmọ náà gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó sì dà bí ẹni pé ó ń wo ẹni tí ń ṣọ́ bàbá rẹ̀. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Títí di ìgbà yẹn nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan nínú ìwé náà. Níbí ni nọ́ńbà ti di ojú. Òǹkọ̀wé rántí bàbá tirẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn sàn ju gbogbo àlàyé tí ó ṣe lórí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àléébù. Èkíní, nígbà tí ó bá kúrò lórí iṣẹ́ tí ó kan ìdáláre ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa dà bí ti agbẹjọ́rò. Àwọn ìbéèrè tí ó rọrùn ni ó ń dáhùn jù. Èyí tí ó le jù, èyíinì ni ohun tí ó yẹ kí á sọ nípa àwọn ìwé tí kò kan ẹ̀tọ́ ará ìlú kankan, kò rí àyè tí ó tọ́ sí i. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà. Ó sọ bí ìjọba Amẹ́ríkà ti fagi lé ìwé ìrìnnà rẹ̀, bí ó ti lo ogójì ọjọ́ nínú pápá ọkọ̀ òfuurufú Moscow, àti bí ó ti kọ̀ nígbà tí amí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ fà á mọ́ra. A lè gbà á gbọ́. Síbẹ̀ ẹni tí ó kọ odindi ìwé lórí ìṣọ́ni kò yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan nípa bí ìjọba tí ó gbà á sílé ti ń ṣọ́ àwọn ará ìlú tirẹ̀. Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì 2022, tí Putin sì sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìdákẹ́jẹ́ yìí wúwo ju bí ó ti rí ní 2019 lọ.

Àwọn alátakò rẹ̀ a máa fi Daniel Ellsberg dá a lójú. Ellsberg tú àṣírí ogun Vietnam ní 1971, kò sì sá. Ó dúró jẹ́jọ́, kóòtù sì da ẹjọ́ náà nù ní 1973 nítorí ìwà àìtọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí ìbá lágbára bí kì í bá ṣe pé Ellsberg fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 2013 pé Snowden ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí ó sá. Òfin 1917 tí a fi fẹ̀sùn kan àwọn méjèèjì kò fàyè gba olùjẹ́jọ́ láti sọ fún àwọn adájọ́ ìdí tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe. Ní ti àwọn tí ó ní ì bá ti fi ẹjọ́ sùn nínú ilé, Thomas Drake ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní NSA ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba fi ẹ̀sùn mẹ́wàá kàn án ní 2010, kí wọ́n tó wó lulẹ̀ di ẹ̀sùn kékeré kan ní 2011. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn pa kò yẹ kí ó bínú sí ẹni tí ó gba ojú fèrèsé jáde.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni a ti lè rí ohun tí ìwé náà àti àwọn alátakò rẹ̀ jọ gbójú fò. Ẹ̀tọ́ ará Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ni Snowden gbé lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Àkójọ ìpè àwọn ará Amẹ́ríkà ni Ilé Aṣòfin fòpin sí. Ètò PRISM, tí ó dojú kọ àwọn àlejò, kò bá a lọ. Ní oṣù Kẹrin 2024 Ilé Aṣòfin tún òfin tí ó gbé e ró ṣe. Ní tòótọ́, Ààrẹ Obama pàṣẹ ní oṣù Kìn-ín-ní 2014 pé kí á ro ti àwọn àlejò náà díẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ààrẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ sí kóòtù. Ta wá ni ọmọ tí ó gbójú sókè wo kámẹ́rà? Kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ojú ewé tí ó lẹ́wà jù nínú ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí àríyànjiyàn ìwé náà kò dáàbò bò. Òǹkọ̀wé rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí ìdí àlàyé, ó gbàgbé ọmọ náà sẹ́yìn.

Òǹkàwé ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ní ibi tí ọmọ yẹn wà ni òun náà wà. Lẹ́tà tí olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó ń gba ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan náà kọjá, lójú òfin wọn àlejò sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn baba ńlá sọ pé ogiri létí. Wọn kò mọ̀ pé ogiri tí ó létí lè wà ní òdìkejì òkun.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì pin sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ka ojú ewé yìí ni yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn yóò sì búra lábẹ́ òfin àṣírí ìjọba Nàìjíríà ti 1962. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 tún wà, tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá tú ìwà àìtọ́ ìjọba fún ire ará ìlú. Láàárín òfin méjèèjì ni ẹ̀rí ọkàn ènìyàn yóò ti ṣiṣẹ́. Ìlú kankan kò lè wà láìní awo. Ṣùgbọ́n nígbà tí awo bá dojú kọ àwọn tí a torí wọn dá a sílẹ̀, tí àwọn tí ó yẹ kí ó ṣọ́ ọ sì gbọ́ irọ́, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ìwé Snowden fi èyí hàn kedere. Ohun tí ó kù fún ẹlòmíràn láti kọ ni ìwé tí ọmọ Indonesia yẹn yóò ti jẹ́ ẹni tí a ń gbèjà, tí kì yóò jẹ́ ẹni tí a kàn ń wò.