Djenné: Ọwọ́ Ta Ni Ogún Ilé Alámọ̀ Wà?

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, àwòrán mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ ni a sábà máa ń fi hàn wọ́n. A ó sọ pé UNESCO kọ ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé ní 1988, ẹ̀kọ́ á sì parí síbẹ̀. Èrò wa ni pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ilé hàn, ó sì ń fi ọwọ́ tó mọ ọ́n pamọ́.

Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ti di àlàpà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tí à ń wò lónìí, 1907 ni wọ́n parí rẹ̀ sórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ ìjọba Faransé. Ismaila Traoré, olórí àwọn mọlémọlé, ló darí iṣẹ́ náà. Ilé wó, ìmọ̀ kò wó. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé tún kọ́.

Ìmọ̀ yẹn ni ará ìlú ń lò lọ́dọọdún láti tún ògiri rẹ́. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó kan. Àwọn obìnrin á pọnmi, àwọn ọ̀dọ́ á ru amọ̀, àwọn mọlémọlé á sì gun àwọn igi ọ̀pẹ tó yọ síta lára ògiri. Ẹgbẹ́ wọn, barey ton, ló ń bójú tó iṣẹ́, ojú iṣẹ́ sì ni ọmọ-iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Àríwísí wa lórí ètò ogún àgbáyé ni pé ìrísí ilé ló ká a lára jù, bẹ́ẹ̀ onílé ló ń náwó sí ìrẹ́. Bí onílé bá fi táìsì bo ògiri kó lè sinmi ìnáwó ọdọọdún, wọ́n á ní ó ń ba ogún jẹ́. Òótọ́ ni pé sìmẹ́ǹtì lè sé omi mọ́ inú amọ̀, kí ògiri máa jẹrà lábẹ́nú. Ṣùgbọ́n ìbáwí kì í san owó mọlémọlé. Ní 2016, Djenné wọ àkọsílẹ̀ àwọn ogún tó wà nínú ewu. Àìsí ààbò ní agbègbè náà sì wà lára ohun tó fà á.

A dábàá pé kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́ta kún àwòrán náà: ta ló pò ó, ta ló kọ́ ọ, ta ló ń sanwó rẹ̀? Kí a sì mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà tó ṣì mọ ilé alámọ̀ í kọ́ ní agbègbè tiwa, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.