Wáìnì Pupa Níwájú Àwo Obì

Òfin kan gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò: wáìnì pupa tó bá le, ẹran ọlọ́ràá ni kí a fi jẹ. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọjà òkèèrè ni ìmọ̀ yìí, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Bordeaux nìkan la ti lè rí i kọ́. Ní tèmi, ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní ìlú bíi Oba, lójú ọ̀nà tó ti Onitsha lọ sí Owerri, inú àwo obì ló sì wà.

Obì àbàtà tí wọ́n fi ń gba àlejò nílẹ̀ Ìgbò kì í sábà dá wá. Ose ọjị máa ń bá a rìn: ẹ̀pà yíyan tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata títí tó fi ki. Bí ènìyàn bá jẹ obì náà lásán, yóò korò, ẹnu yóò fún pọ̀, ahọ́n yóò sì gbẹ. Tánìnì inú obì ló fà á, nítorí ó máa ń dì mọ́ purotéènì tó ń mú kí itọ́ yọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti obì bọ ose ọjị, purotéènì àti òróró ẹ̀pà yóò gba díẹ̀ nínú ìjà tánìnì, ara yóò sì tu ẹnu. Láti ara èèpo àti kóró èso àjàrà ni wáìnì bíi Cabernet Sauvignon ti ń rí tánìnì tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe lẹ́nu. Ohun tí ọ̀rá ẹran ń bá wáìnì ṣe lọ́hùn-ún ni ẹ̀pà ń bá obì ṣe níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nkwobi dán òfin náà wò: ẹsẹ̀ màlúù tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n pò mọ́ epo pupa tí káún ti mú ki, tí wọ́n sì rẹ́ ewé utazi lé lórí. Epo àti ẹran wà fún tánìnì láti dì mọ́. Àmọ́ ata ń ta, utazi sì korò. Wáìnì tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 14 nínú 100 yóò tún koná mọ́ ata náà, ìkorò yóò sì gun orí ìkorò. Èyí tí tánìnì rẹ̀ kò le, tí adùn èso hàn nínú rẹ̀, ló yẹ, kí a sì mú un tutù díẹ̀. Ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá wáìnì pupa mu, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán Onitsha sábà máa ń kọjá 30.

Àwọn kan yóò ní àìmọ̀kan ló ń mú kí àwọn ènìyàn wa fẹ́ wáìnì pupa aládùn. Ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ṣúgà máa ń pẹ̀tù sí ata, ó sì ń bo ìkorò, nítorí náà ọgbọ́n ẹnu ni. Àtakò tó lágbára ni ti àwọn tó ní ẹmu gan-an ló ni nkwobi. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òfin kan náà ló sì gbè wọ́n: ẹmu àárọ̀ ládùn, ọtí inú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì fún ẹnu pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó kan, nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi. Bí utazi bá pọ̀ lórí nkwobi, ẹmu àárọ̀ ni kí a bù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹmu ti kan, tí utazi kò sì pọ̀, ìgbà yẹn ni wáìnì pupa tó rọ̀ lè gba ipò rẹ̀.