Eré Tell ní New Glarus

Eré oníṣe Wilhelm Tell, tí Schiller, ará Jámánì, kọ ní 1804, kì í ṣe eré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka ibi tí a ti ní kí baba ta ọfà lu èso ápù lórí ọmọ rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ, ọkàn olúwarẹ̀ ti yigbì. Ibi tí wọ́n gbé eré náà lọ ni mo ní ọ̀rọ̀ í sọ sí.

Ìlú kékeré kan wà ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ New Glarus. Àwọn ará Glarus láti Swítsálandì ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1845. Láti 1938 ni àwọn ọmọ ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré Tell ní pápá gbangba, tàwọn ti ẹran ọ̀sìn wọn, kí wọ́n fi rántí orírun.

Ṣùgbọ́n ará Uri ni ìtàn pe Tell, kì í ṣe ará Glarus. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni kò tilẹ̀ gbà pé a bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Èyí kò dùn mí púpọ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé Tell dúró sí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó bá ìkà jà. Àwọn tí ó tẹ New Glarus dó kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ebi ni ó lé wọn. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, ilẹ̀ àárín òkè kò sì tó wọn í ro mọ́. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ìtàn tiwọn. Wọ́n rán Niklaus Dürst adájọ́ àti Fridolin Streiff alágbẹ̀dẹ ṣáájú láti lọ ra ilẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1845, ènìyàn 193 tẹ̀ lé wọn: wọ́n gba odò Rhine, wọ́n la òkun já sí Baltimore, wọ́n sì tún forí lé ìwọ̀ oòrùn. Àwọn kan kú, àwọn mìíràn yà lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ, 108 péré ni ó dé. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ pín ilẹ̀ náà, éékà 20 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Ǹjẹ́ eré kò sí nínú èyí? Ẹ gbé ọjọ́ kèké yẹn nìkan sórí ìtàgé. Kí ni ẹni tí ó sin ọmọ sí ojú ọ̀nà yóò wí bí kèké bá mú ilẹ̀ olókùúta fún un? Báwo ni ojú Dürst àti Streiff yóò ti rí nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn tí ó dé?

Ó tún ku ohun kan. Gessler inú eré Schiller gbé fìlà kọ́ orí òpó, ó ní kí àwọn onílẹ̀ máa tẹríba fún un. Kí àwọn ará Glarus tó dé, àwọn Ho-Chunk ni ó ni ìhà ibẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó fi àdéhùn lé àdéhùn gba ilẹ̀ wọn láàrin 1829 sí 1837. Èmi kò pe àwọn tálákà wọ̀nyí ní Gessler o. Owó ni wọ́n fi ra ilẹ̀ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí òṣèré bá ń bú Gessler ní pápá yẹn, ó yẹ kí etí àwọn kan ta.

Bí ọmọ ìlú náà kan bá lè kọ eré kèké yẹn, tí ó sì fi àwọn Ho-Chunk sí i, èmi yóò rà á kí n tó ra ẹ̀dà Tell mìíràn.